Orúkọ Tí Aṣọ́lé Wa Kò Lè Pè

Auki, Malaita

Rosina, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìjọ yín ní Brisbane. Ara ìyá rẹ ti ń yá, kúkúńdùnkún wa sì ta dáadáa.

Ọ̀ràn Verolyn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, ni mo fẹ́ sọ. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó yà mí lẹ́nu pé aṣọ́lé gbọ́dọ̀ máa kígbe pe orúkọ àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Dorin, àbúrò rẹ, ló wà níbẹ̀, ọmọ kì í sì í pe orúkọ arábìnrin bàbá rẹ̀ nílé wa, bí ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ bára mu. Verolyn dákẹ́, góòlù mẹ́ta wọlé.

Olùkọ́ wọn ní, “Ṣé odi ni ẹ́ ni?”

Dorin sọ fún mi nílé pé, “Bàbá, kó pè mí ní ẹja pàápàá, kí bọ́ọ̀lù ṣáà má wọlé mọ́!”

Bí kò bá kígbe ní Sátidé, aṣọ́lé mìíràn ni wọn yóò mú lọ sí ìdíje ní Honiara, olú-ìlú wa.

Ọ̀wọ̀ náà kì í ṣe tèmi; ẹ̀yin arábìnrin bàbá rẹ̀ ló ni ín, ìwọ sì ni àgbà yín. Jọ̀wọ́, pe Verolyn lórí fóònù, kí o yọ̀ǹda fún un láti pe orúkọ Dorin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń gbọ́ àdúrà jẹ́jẹ́ ọmọ náà. Ó wù mí láti mọ bí igbe rẹ̀ ti rí.

Kí Olúwa tí kì í tòògbé máa ṣọ́ ilé rẹ.

Bàbá rẹ,
Ellison