Apá Kejì Ìbùkúnolúwa

Ipogun,
Ọjọ́ Ajé.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní Àkúrẹ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé yín tú. Àgbàdo wa ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ pupa sì ti bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, Ìbùkúnolúwa, ni mo fi kọ̀wé. Láti ìgbà tó ti wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi ló ti ń fi ìka lu orí tábìlì ṣáá, bí ẹni tí èèrà ń rìn lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní apá kejì ló ń yọ òun lẹ́nu, pé apá kìn-ín-ní ti dáa, apá kẹta náà ti fẹ́ẹ̀ dáa. Morẹ́nikẹ́, àyà mi já. Apá mélòó lọmọ ní? Mo fi àdí ra méjèèjì tí mo rí, mo fi gèlè dì wọ́n, mo sì mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì Ọláfimíhàn.

Ibẹ̀ lọmọ ti wá ṣàlàyé pé orin dùùrù kan tí wọ́n ń pè ní sònátà lòun ń kọ́ fún ìdánwò ọjọ́ Sátidé ní Oǹdó, pé ó pín sí apá mẹ́ta, pé ti àárín ló le jù nítorí pé ó máa ń rọra lọ. Ó ní bí apá náà kò bá gún, òun ò ní lọ ṣèdánwò. Mo ní ohun tó ń rọra lọ, báwo ló ṣe le? Nọ́ọ̀sì bá tú gèlè kúrò lápá rẹ̀.

Mo bá bẹ kátíkíìsì wa, Akínwùmí, kó jẹ́ kọ́mọ tẹ dùùrù oníná ti ṣọ́ọ̀ṣì lánàá lẹ́yìn ìsìn. Ó tẹ apá kìn-ín-ní, ó dákẹ́, a pàtẹ́wọ́, Akínwùmí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oore-ọ̀fẹ́ kọ́mọ tó ní ó kù. Ló bá bọ́ sí èkejì. Orin tí kò lọ́rọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò lè gbè, àmọ́ bàbá rẹ ni mo rí, bó ṣe máa ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà ayé rẹ̀, tí kì í kánjú. Omijé bọ́ lójú mi. Mo bi ọmọ pé ta ló sọ̀rọ̀ bàbá àgbà fún ẹni tó kọ orin yìí, ó ní òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ni. Kò tíì yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó ní òun á lọ sí Oǹdó.

Bó ṣe kan apá kẹta báyìí ni iná lọ, dùùrù dákẹ́. A jókòó títí, iná ò dé. Gbogbo ìjọ ló ń bi mí bó ṣe parí, èmi náà ò sì mọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ Oǹdó ránṣẹ́ sí mi, kí n lọ gbọ́ ìyókù. Bí wọn ò bá tilẹ̀ jẹ́ kí n wọlé, n óò dúró lẹ́bàá fèrèsé.

Ọlọ́run yóò fi ohùn ayọ̀ kún ilé yín. Ìka ọmọ wa kò ní ṣìnà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmọ̀kẹ́.