Màrìwò tí wọ́n já lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì

Sátidé, Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan

Mi ò ní tọrọ àforíjì.

Èmi ni mo so màrìwò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, bí Mọ́mì ṣe ní àwọn ń ṣe é fún Kérésì l'Ẹ̀pẹ́ nígbà èwe àwọn. Àǹtí Ìdòwú tó ń kọ́ wa léré Kérésì já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ojúbọ lẹ fẹ́ sọ ilé Ọlọ́run dà ni?" Wọ́n wá gbé igi Kérésì oníke tí wọ́n rà lọ́jà Benson síbẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí, igi yẹn náà ńkọ́? Àwọn abọ̀rìṣà òyìnbó ti ń kó ewé tútù wọlé nígbà òtútù kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Jésù." Mo kà á lórí fóònù.

Káyọ̀dé tó ń ṣe Jósẹ́fù ní, "Ẹ gbà mí, ìyàwó mi ti di abọ̀rìṣà."

Àǹtí ní kí n tọrọ àforíjì níwájú ìjọ lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló máa ṣe Màríà. Mo fẹ́ràn aṣọ búlúù Màríà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n tí Jésù bá gba igi tiwọn, kí ló ní kó má gba màrìwò tiwa?

Mo kó màrìwò mi wálé, mo so ó sẹ́nu ọ̀nà wa. Mọ́mì wò ó. Wọ́n tún ibi tó wọ́ so.