Kóòtù Funfun Tí Mo Rán Dè Ọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ilé tí o ń gbé kò jò? Bí o bá bèèrè wa, a wà, à ń jẹ, à ń sùn, ìyá rẹ sì ń pariwo, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ yá. Ọlọ́run tó fún wa lẹ́nu kò ní í jẹ́ ká fi sunkún ọmọ. Àmín.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ibi tí o ti ní o ti kúrò ní yunifásítì tí o ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni mo kà dé, tí mo fi ká a, n kò kà á kọjá ibẹ̀. Mo ti ń ṣe télọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ ṣì ń tijú mi, mo sì mọ ohun tó ń lé ọmọṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó ṣe fíríìdọ̀mù: yálà ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, tàbí ó rí ọ̀gá fín. Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà, a wọ aṣọ tó dáa, a tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n yín ṣe gbé e báyìí, mo gbé fóònù lé orí ẹní, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. A ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fojú fo ohun tí o ṣe, pé ọmọdé ń ṣe ọ́, pé aṣọ yòówù kí o jó, èmi á rán òmíràn. Wọ́n ní o ò ṣẹ̀ wọ́n rárá, pé akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni ọ́, àmọ́ kí ni àwọn ń gbọ́ yẹn? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló ń kérora, pé ó ti dọ̀bálẹ̀ tán, kò wá lè dìde mọ́.

Lẹ́yìn tí a gbé e dìde ni mo wá ka ìyókù. O ní ìwọ fúnra rẹ lo kúrò, pé iṣẹ́ dókítà lo fẹ́ lọ kọ́, láti ọdún kìíní, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àti pé bí n kò bá fọwọ́ sí i, wàá padà síbi tí o wà. Háà! Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé odidi ìlú ni wọ́n ń tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìlera ará ìlú? Ẹni tó ń tọ́jú odidi ìlú, tó wá ń lọ tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé iwájú ló ń lọ ni àbí ẹ̀yìn? Ó dà bí kí n rí iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù gbogbo ilé ìwé gbà, kí n wá kọ̀ ọ́, kí n ní ṣòkòtò ẹnì kan tó ya ni mo fẹ́ lẹ̀.

Mo sọ èyí fún ìyá rẹ, inú mi ń dùn pé mo sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ó ní nígbà tí mo rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo ilé ìwé lọ́jọ́sí, ta ló ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà wa? Mo rántí. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kan kúrú. Aṣọ àwọn yòókù bá wọn mu, tirẹ̀ nìkan ni kò mu. Mo pè é wọlé, mo wọn apá ọ̀tún, mo wọn apá òsì, mo tú aṣọ náà, mo tún un rán, ẹ̀rín ló bá lọ sílé. Ìyá rẹ ní irú ọmọ yẹn ni ìwọ náà fẹ́ lọ wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó sì tún bí mi nínú, torí èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ rò ó.

Nítorí náà, mo ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìwọlé tí o fi sínú lẹ́tà rẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́tò orí òbí nìkan ni kí ẹ mú wá. Kí ni mo ṣe tí wọ́n fẹ́ fi gé mi lọ́rùn? Bàtà tuntun sì wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo lọ ya fọ́tò náà. Odidi ara mi lo máa bá nínú àpòòwé, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Bí o bá sì gbọ́ tí nǹkan ń ró kùù nínú fóònù láàárọ̀ àná, ikùn onítáyà iwájú ilé wa ni, ó ní inú ń run òun. Mo gbé fóònù lé e kí o lè máa kọ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. O kàn gé ìpè náà. Ṣé àìsàn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Onítáyà ò tíì jẹun láti ìgbà náà.

Ọmọ mi, kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ọdún mẹ́fà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá rẹ ló ń bá mi fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí, mo sì ń rò ó pé bóyá n kò ní í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ ní dókítà. Mo rò ó títí, mo wá pinnu pé n kò ní í kú. Mo ti sọ fún ìyá rẹ, ó ní òun gbọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró tí wọn yóò fi wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi, torí tìẹ ló ṣe dọ̀bálẹ̀, kí o sì fi ti jígí ojú mi kún un.

Lọ wọlé, ọmọ mi. Ọwọ́ tí o máa fi kan aláìsàn kò ní í gbọ̀n, ojú kò ní í tì ọ́, ibi tí ẹsẹ̀ wa ò dé, tìrẹ á débẹ̀. Kóòtù funfun rẹ wà nínú ẹrù yìí. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo ṣẹ́ aṣọ sínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti lọ́wọ́, torí ọdún mẹ́fà jìnnà, o lè sanra. Bí ó bá fún ọ, má gbé e fún télọ̀ ìlú ńlá kankan. Gbé e wálé, èmi ni màá tú u.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò ní í kú,
Télọ̀.