Wọ́n Ní Kí Rodiat Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yìn Ọjà, Láfẹ́nwá,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Lydia, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Kọ́ládé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láyọ̀. Ní tèmi, a ṣì ń fara dà á.

O béèrè Rodiat lọ́wọ́ mi. N kò tètè fèsì nítorí n kò mọ bí n óo ṣe sọ ọ́. Nínú àwa mẹ́ta tí àìsàn ọpọlọ kó pọ̀ sí wọ́ọ̀dù kan náà, òun ni ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá. O mọ̀ pé ó ti padà sídìí aró rẹ̀ ní Ìtòkú.

Nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn pe àwa tí a ń gba oògùn sí ìpàdé. Wọ́n ní kí a sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe nínú ìtọ́jú wa. A ń wojú ara wa. Rodiat ló dìde. Ó ní, "Ẹ máa bá èmi gan-an sọ̀rọ̀. Bí mo bá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ni dókítà ń bi pé ṣé mo sùn. Ta ló sùn ọ̀hún, èmi tàbí òun?" Ẹ̀rín pa wá. Ó ní oògùn náà ń mú ọwọ́ òun gbọ̀n, òun kò lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ àdìrẹ sára aṣọ mọ́, kí wọ́n bá òun wá òmíràn, torí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín dé ilé nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ àtirí dókítà pé, èmi àti Abdulkabir ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la sìn ín lọ. Dókítà tuntun la bá, ẹni tí kò sí ní ìpàdé yẹn. Abdulkabir ló kọjú sí.

"Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?"

Rodiat ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi rèé. Ẹ bi mí."

Dókítà ń kọ̀wé lọ. "Ṣé kì í bínú nílé?"

Ni Rodiat bá dìde, ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká sọ̀rọ̀!"

Lydia, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní àìsàn náà ti padà, kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n dì í mú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Mo ní inú ló bí i, kì í ṣe àìsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà, ṣé o ti lo tìẹ lónìí?" Mo sún sẹ́yìn. Nígbà tí à ń padà sílé, Abdulkabir ń tún un sọ ṣáá pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. N kò bá a jà. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n ti dá a sílẹ̀ báyìí, ó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Odeda. Mo lọ wò ó. Oògùn ti mú kí ó sanra, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Rodiat, ṣé o ti jẹun?" Ó wo ojú ìyá rẹ̀ pé kí ìyẹn bá òun dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èmi náà yóò rí dókítà. Oorun ti dá lójú mi. Àwọn ohùn ìjọ́sí tún ti ń pè mí lórúkọ, àní bí mo bá ń gbálẹ̀ lójú ọ̀sán. Jídé ọkọ mi béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, n óo rẹ́rìn-ín, n óo ní, "Mo wà dáadáa, sà." Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bí o bá ń gbàdúrà, dárúkọ Rodiat. Èmi kò mọ ohun tí à bá tọrọ fún un mọ́.

Èmi tí í ṣe tìrẹ,
Oyíndà.