Ẹ Má Lo Oògùn Yẹn Mọ́

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́. Èmi àti Fisáyọ̀ wà dáadáa o. Ó ti ń jókòó, irun mi ló ń fà tu.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fi rán Dúrósinmí dírẹ́bà sí yín ní Ìlobù, ẹ má lò ó mọ́. Tèmi ni. Nígbà tí ẹ ní ẹ ò lè jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ọmọ Ìfọ́n fọwọ́ kàn yín nítorí ìjà ilẹ̀ ìlú wa àti tiwọn, mo pín tèmi sí méjì.

Lánàá, òòyì kọ́ mi díẹ̀ nídìí kànga, wọ́n sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ka oògùn mi, kò pé. "Ìyá Fisáyọ̀, ta lẹ jọ ń lò ó?"

Mo jẹ́wọ́.

"Ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ màmá ẹ wò, o ti di dókítà wọn! Oògùn ẹ kì í ṣe tiwọn. Ó yá, tún un wí kí n gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un wí.

Wọ́n ní kí n ṣì sùn sọ́dọ̀ àwọn. Ẹ má dààmú, ìyá onílé wa ló ń tọ́jú Fisáyọ̀. Ojú mi tó ń ṣe bàìbàì ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi rí báyìí.

Màámi, ọmọ Ìfọ́n yẹn ò gba ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ wa. Ẹ mú oògùn náà dání lọ bá a lónìí.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní ara mi le.

Ọmọ́wùnmí yín