Fódà Mẹ́sàn-án àti Ohùn Màmá Wa

Èmi, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé yìí mọ̀ sí Bàbá Onífódà, olùtọ́jú sáfà, ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo fáìlì wa mọ́, fún ọdún mẹ́tàlélógún, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò le, dókítà sì ti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kí ó wo bí mo ṣe to fáìlì mi, kí ó wá wo tirẹ̀.

Akọ̀wé àgbà àti aṣọ́bodè ni mo fi ṣe alámùúṣẹ. Akọ̀wé mọ òfin. Aṣọ́bodè kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìsọ ibi tó ń lọ, irú èèyàn tí mo fẹ́ràn nìyẹn.

Ìkíní. Ilé tí mò ń gbé di ti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn du ú.

Ìkejì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà àti ọ̀rọ̀ aṣínà di ti ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Fódà mẹ́sàn-án ló wà lórí sáfà náà, ọ̀kan fún yàrá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì pamọ́ síbòmíràn. Wọn yóò bẹ̀ ẹ́. Wọn yóò ra ẹlẹ́rìndòdò fún un. Wọn yóò ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Irọ́ ni o!

Ìkẹta. Sukurudíráfà mi mẹ́rin àti àga mi tó ń dún di ti ẹnjiníà tí à ń pè ní Sáré-Tètè. Òun ló fi àwòrán àtẹ̀gùn pamọ́ sínú fódà ìwé ìsinmi, tí wọ́n sì fi ìwé ìsinmi ìbímọ ránṣẹ́ sí àwọn kọ́lékọ́lé. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó pè wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ti gbogbo ibi yòókù lórí sáfà pa, àfi fódà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ó pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́wọ̀n, ó pe èmi ní wọ́dà, ó sì dùn mí. Mo ti dárí jì í. Kí ó fi epo sí àga náà.

Ìkẹrin. Ológbò tó ń sùn lẹ́yìn sáfà nítorí ooru kì í ṣe tèmi, n kò sì lè há ohun tí kì í ṣe tèmi. Ẹ sáà máa fún un lóúnjẹ.

Ìkarùn-ún. Èyí gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ń ya àwòrán ní yàrá kejì. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kété kí n tó ti àwọn ibi yòókù pa, ó fi fáìlì ohùn Màmá wa tó ti dolóògbé pamọ́ sórí sáfà, níta fódà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbá gbogbo ohun tó wà níta dànù bí ìṣe mi. N kò wo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó sunkún wá bá mi, mo ní ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Èmi ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú dísìkì àtijọ́ kan. Ìdajì ìṣẹ́jú péré ló ṣẹ́kù. Àkọsílẹ̀ ẹni tó pa á rẹ́, ìyẹn orúkọ mi, wà lára rẹ̀, èmi sì ni mo ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ yọ irú rẹ̀ kúrò. Ojú tì mí. Mo gbé e pamọ́.

Mo há a fún àbúrò mi. Apá tí Màmá ti súre fún un ti bàjẹ́. Nínú èyí tó kù, èmi ni wọ́n ń béèrè: bóyá mo ti jẹun, àti pé kí àbúrò mi má jẹ́ kí n máa dá jẹun. Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá mi ní yàrá sáfà. N kò mọ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àfikún. Mo fagi lé ìkarùn-ún. Lánàá, bó ṣe gbé abọ́ kalẹ̀, n kò lè dúró de ikú mọ́. Mo ṣí ohùn náà fún un. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bú mi dáadáa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Akọ̀wé àgbà ní ẹni tí a há nǹkan fún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n àbúrò mi kò ní ogún kankan nínú ìwé yìí mọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.
Bàbá Onífódà

Ẹlẹ́rìí kìíní: agbálẹ̀ ilé iṣẹ́.
Ẹlẹ́rìí kejì: àbúrò mi obìnrin. Òun ló ní kí n kọ òun sí i.