Màámi, Ajá Gbàǹjo Tí Mo Rà Ń Mí

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú òtútù àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú àwọn adìẹ tí kò mọ oore. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Ibafo níbí. Bí ẹ ò bá gbọ́ gbì, ẹrẹ̀ ló wà nílẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ìyá ilé kejì tó máa ń yá wa lódó, mo sì kí ẹni tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kó kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kó má fi tiẹ̀ kún un.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Lẹ́tà méjì tí mo fi rán dírẹ́bà ò dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí ẹ̀ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo ẹni tó bá ń wọ mọ́tò lójú títì márosẹ̀ yìí. Ẹ sì mọ̀ pé ìwé òyìnbó ò wọ orí mi. Ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n fi ń di àkàrà ló kọ́ mi ní kíkà, torí náà tí ọ̀rọ̀ mi bá ń rùn bí epo, ẹ fojú fò ó.

Ibafo dáa. Omi ló ni ibẹ̀ ṣá, àwa kàn ń háyà ni. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, gbogbo èèyàn á ti lọ Èkó, àdúgbò á wá ṣófo bí ìgbà tí wọ́n gbá a. Ìkùukùu á dìde látinú àbàtà, á gorí títì, wàá gbọ́ mọ́tò kó o tó rí i. Yàrá kan ni mò ń gbé, èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo máa ń bi ara mi, mo sì máa ń purọ́ fún ara mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo wá ṣe, oògùn ehín ni mò ń bá èèyàn tà nínú mọ́tò ńlá. Ọ̀gá mi, gbogbo gáréèjì ń pè é ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ kò wọ ọsibítù rí àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dá. Tó bá wọ mọ́tò ní Ibafo, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó dé Ṣágámù, ẹni tí ò léhín á ti ra méjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ní kí n dá sọ̀rọ̀, mo kọjú sí èrò. Ojú wọn pọ̀, Màámi. Ẹnu mi gbẹ bí èlùbọ́. Mo fẹ́ kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Mo ní ẹ kú. Ìrìn ò jáde. Mo tún ní ẹ kú. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kú náà ni. Bàbá kan lẹ́yìn ní ta ló kú, ìwọ ọmọ yìí? Ìyá kan ní kí dírẹ́bà dúró, òun ò bá ẹni tó ń fi ikú kí òun lọ ibì kankan. Sista kan tiẹ̀ ti dìde, ó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà lé mi lórí. Kọ̀ndọ́ já mi sílẹ̀ ní Asese, ó ní kí n lọ máa kí àwọn ará sàréè.

Dókítà ò bínú, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí mo bá tún fi ikú kí oníbàárà òun, òun á fi ààyè mi fún ẹlòmíì, kí n wọ mọ́tò Ìkirè padà wálé bí èrò lásán. Ẹ sì mọ ohun tí Bàbá sọ lójú gbogbo ará ilé lọ́jọ́ tí mò ń lọ, pé mi ò ní pé ọdún kan kí n tó padà wálé wá jẹ iṣu àwọn. Mi ò lè padà wá jẹ iṣu yẹn, Màámi.

Dókítà wá jókòó sórí táyà, ó ń kọ́ mi ní mímí. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bí mi. Ó ní rárá, bí ajá tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ ni mò ń mí, ìyẹn ló ń lé ohùn mi sá. Ó ní kí n fa èémí wọlé títí ikùn á fi yọ, kí n ka mẹ́rin, kí n wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ tíì. Ó ní kí n mí bí ẹni tó ń sùn, ọkàn mi á rò pé ilé ni mo wà. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń gbé, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹni tó ń sùn wò?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan Sista Bọ́lá, tó ni kafé oníkọ̀ǹpútà ní Mowe. Tí iná bá wà, ọjà gbàǹjo ló ń wá kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjà tí ẹnikẹ́ni ò nílò ni: aago tó ń rìn sẹ́yìn, ẹja orí pátákó tó ń kọrin, bàtà ilé tó ní tọ́ọ̀ṣì nímú. Àbúrò ẹ̀ tó wà lókè òkun á bá a gbà á, á fi káàgò ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kó bá mi ra àrà kan tí mo lè fi kún oògùn ehín. Ó fi àwòrán ajá ìṣeré kan hàn mí. Ó ní ajá náà kì í ṣe nǹkan kan ju kó sùn kó sì máa mí lọ, àti pé wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé ẹni tó ni ín fẹ́ kó tètè kúrò nílé òun. Ọ̀sẹ̀ tí Dókítà kọ́ mi ní mímí gan-an ni káàgò dé.

Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kéèyàn má ra ibùsùn ní gbàǹjo, torí kò mọ ẹni tó sùn lórí ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo rántí. Mo ní ajá kì í ṣe ibùsùn.

Mo gbé e sórí tábìlì. Ó funfun, ó ká jọ, ojú ẹ̀ pa dé, ikùn ẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń bá a mí. Ọkàn mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo tiẹ̀ ń kí i tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá yára, òun náà á yára. Tí mo bá húkọ́, á dúró dè mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yà ní Mowe láti dúpẹ́. Sista Bọ́lá bi mí pé irú bátìrì wo ni mo fi sí i. Mo ní bátìrì kẹ̀? Ó mú páálí tó bá wá, ó ka òyìnbó ara ẹ̀ fún mi: kò sí bátìrì nínú ẹ̀, ẹni tó bá rà á ló máa wá tiẹ̀. Mo délé, mo dojú ajá dé, mo ṣí ikùn ẹ̀. Ihò bátìrì mọ́ tónítóní, wáyà méjì ń dán nínú ẹ̀, nǹkan kan ò kàn án rí. Ikùn tí mo ṣí sílẹ̀ yẹn sì ń mí lọ lọ́wọ́ mi. Mo pa á dé. Mo ní bóyá oòrùn ló ń lò, bíi kákúlétọ̀. Ọ̀la sì ni ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kì í béèrè ohun tó ń mú ajá mí.

Ọjọ́ Ẹtì, mo wọ mọ́tò Ìbàdàn kan ní Ibafo. Dókítà ò bá mi wọ̀ ọ́, ó ní oògùn tí mo bá gbé padà á ròyìn fún òun. Mo gbé ajá mọ́ àyà, mo kọjú sí èrò, mo bá a mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ẹ̀ jáde, àti ìrìn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oògùn ehín, mo gbé ajá sókè. Mo ní kí wọ́n wá wo ajá tí kì í jẹun, tí kì í gbó, tí kì í yàgbẹ́ sílé. Ìyá kan níwájú ní ó sàn ju ọkọ òun lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n bá a mí, ó máa ń lé àárẹ̀ lọ.

A kọjá Mowe. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni wọ́n ń gbọ́. Ọmọ ọwọ́ tó ń ké dákẹ́. Bàbá tó ń ka tẹ̀sùbáà, ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹyọ kan. Kọ̀ndọ́ ń ṣépè fún ẹnì kan lórí fóònù, ó dákẹ́ láàárín èpè. Èjìká gbogbo wọn lọ sókè pa pọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀. Màámi, ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀rù èrò tó ti ń bà mí láti kékeré ò sí mọ́. Èrò gan-an ò sí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń mí nínú mọ́tò yẹn, gbogbo wa sì wà nínú ẹ̀.

Mo wo dígí dírẹ́bà. Èjìká tiẹ̀ náà ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ẹ̀ ti ń pa dé. Mọ́tò ń yà díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí tírélà kan tó bàjẹ́ dúró sí. Ìgbà yẹn ni ajá fa èémí wọlé, tí kò tú u jáde mọ́. Ikùn ẹ̀ dúró sókè. Ti gbogbo èrò dúró. Tèmi náà dúró. Mo ka mẹ́rin, mo ka mẹ́jọ. Mo fẹ́ tú u jáde, èémí ò gbọ́ tèmi mọ́. Tírélà ń tóbi sí i nínú gíláàsì.

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo fi ajá yẹn gbá irin, ó já bọ́, ohùn kan sì jáde lẹ́nu mi tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe pé ẹ jí. Oògùn ehín ni mò ń polówó. Ehín tó ń ro yín, ehín tó ń mì, ehín tó ti luhò, mò ń ké e bí ẹni tí iná ń jó. Dírẹ́bà ta gìrì, ó fa ọkọ̀ padà, a gba ẹ̀gbẹ́ tírélà yẹn kọjá bí ẹni tó ń fara nu ògiri.

Wọ́n bú mi. Wọ́n ní ṣé etí àwọn di ni. Kò sẹ́ni tó rí tírélà. Ìyá tó sọ pé ajá sàn ju ọkọ òun lọ nìkan ló ń wò mí. Ó ní òun lá àlá pé ẹnì kan gba èémí òun lọ́wọ́ òun, kò sì fẹ́ dá a padà. Ó ra oògùn méjì. Àwọn yòókù náà rà á, títí ó fi tán.

Mo sọ̀ ní Ṣágámù. Ajá ti yí wọ abẹ́ ìjókòó kan lẹ́yìn, mo rí ìrù ẹ̀. Mo sọ fún Dókítà pé mo gbàgbé ẹ̀ sínú mọ́tò ni. Màámi, mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo sì fi àwọn èèyàn yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, torí mo fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde nìyẹn. Mi ò gbọ́ pé nǹkan ṣe mọ́tò náà. Mi ò sì gbọ́ pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo abẹ́ ìjókòó. Tẹ́ ẹ bá rí ajá funfun kékeré tó sùn, ẹ má wò ó pẹ́.

Iṣẹ́ mi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, owó á máa dé ọ̀dọ̀ yín déédéé. Dókítà ti fi ọ̀nà Ìbàdàn sílẹ̀ fún mi, ó ní ẹnu mi ti di rédíò. Àwọn dírẹ́bà fẹ́ràn mi, èrò kì í sùn níbi tí mo bá wà. Wọn ò mọ̀ pé ojú wọn ni mò ń wò nínú dígí. Ojú èèyàn ò dẹ́rù bà mí mọ́, ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni ara mi ń bù máṣọ. Nínú yàrá pàápàá, mo máa ń sọ̀rọ̀. Ìyá onílé ti bi mí bóyá mo ti gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ èémí mi tó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ti ẹni tó sùn, ojú mi sì rèé tó là sílẹ̀. Kò dá mi lójú pé èmi ni mò ń mí in.

Àdùkẹ́ ní òun ń bọ̀ wá kí mi. Tó bá wọ mọ́tò, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláròyé. Ẹ̀yin náà, Màámi, tẹ́ ẹ bá pè mí lórí fóònù, ẹ má dákẹ́ láti gbọ́ bóyá mo wà níbẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀, ẹ máa bú mi.

Ọlọ́run Ọba á dá yín sí fún wa. Èémí yín ò ní di ti ẹlòmíì. Mo kí gbogbo ilé látorí àgbà dórí ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa jẹ iṣu wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútàù, ní Ibafo.